Ọ̀dà Tuntun Lára Ọkọ̀ Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lónìí jẹ mọ́ ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀.

Ẹnì kan nínú yín lè sọ pé: "Èmi kò ní ọkọ̀. Kí ló kàn mí nínú ọ̀dà ọkọ̀?" Ẹ ní sùúrù. Ọkọ̀ ni ó ń kó iṣu yín lọ sí ọjà. Ọkọ̀ ni ó ń kó òwú àti kajú yín. Ọmọ yín lè máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Parakou. Ẹ̀yin àti àwọn ẹbí yín lè da owó jọ lọ́jọ́ kan láti ra ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò. Ní gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ọ̀dà kan owó yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ kan tí ó máa ń wáyé níbi gbogbo tí ọkọ̀ wà. Ọkọ̀ búlúù kan ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 15. Ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá igi, ilẹ̀kùn kan sì wó. Olówó ọkọ̀ gbé e lọ fún oníṣẹ́ ọ̀dà. Oníṣẹ́ tún irin ṣe, ó ra ọ̀dà tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ọkọ̀ náà mu, ó sì kun ilẹ̀kùn. Nígbà tí olówó ọkọ̀ dé, inú bí i. Ilẹ̀kùn náà ń dán, ó sì dúdú ju ara ọkọ̀ tó kù lọ. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n gbé so mọ́ ọn. Ó ní: "O rẹ́ mi jẹ. Ọ̀dà yìí kọ́." Oníṣẹ́ búra pé ọ̀dà náà gan-an ni.

Ta ni ó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì? Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má purọ́. Kí a tó lè dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí a mọ ìtàn ọ̀dà ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí, àti ohun tí oòrùn ń ṣe sí i.

Ohun tí àwọn aláró ti mọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ mọ aṣọ aró, ẹ ti mọ apá kan nínú ìdáhùn náà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé aṣọ aró kan ya lẹ́yìn ọdún 5. Ẹ mú ègé aṣọ kan láti inú àpótí, èyí tí aláró kan náà rẹ nínú ìkòkò aró kan náà, ẹ fi lẹ ojú ibi tó ya. Ojú ibẹ̀ yóò hàn. Kí ló fà á? Aṣọ tí ẹ ń wọ̀ ti rí oòrùn, ó ti rí ọṣẹ, ó ti rí òógùn. Ègé aṣọ inú àpótí kò rí ìkankan nínú wọn. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀dà tuntun lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ọ̀dà àtijọ́, ṣùgbọ́n kò tíì gbó bí i tirẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀dà. Èkíní ni lúbúlúbú tó ní àwọ̀. Èkejì ni ohun tó ń di lúbúlúbú náà mú, tó sì ń jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ̀kẹta ni ohun olómi tó ń jẹ́ kí ọ̀dà ṣàn, bíi tínà. Èyí a máa fò lọ nígbà tí ọ̀dà bá ń gbẹ. Ẹ fi ohun mẹ́ta yìí sọ́kàn. Ìtàn ọ̀dà ọkọ̀ ni ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń pààrọ̀ ohun mẹ́ta náà láti ìgbà dé ìgbà.

Ìgbà tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọkọ̀

Ní ọdún 1886, Karl Benz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ tó ń fi epo rìn tí ó ṣe. Ní àkókò yẹn, ẹṣin ló ń fa ọkọ̀ ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kun ọkọ̀ ẹṣin náà ni wọ́n gbà ń kun ọkọ̀ epo.

Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò. Òróró tí wọ́n fún láti inú èso ni ó ń di lúbúlúbú àwọ̀ mú. Wọ́n á kùn ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dúró kí ó gbẹ. Wọ́n á ha ojú rẹ̀ kí ó lè jọ̀lọ̀, wọ́n á tún kùn ún. Báyìí ni wọ́n ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Kíkun ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé ọ̀dà olóròóró kì í tètè gbẹ.

Ní ayé ìgbà náà, àwọ̀ kò ní nọ́ńbà. Ọwọ́ ni oníṣẹ́ fi ń po àwọ̀. Bí ọkọ̀ bá farapa, ojú àti ọwọ́ oníṣẹ́ nìkan ló lè wá àwọ̀ tó bá a mu.

Ìgbà tí gbogbo ọkọ̀ jẹ́ dúdú

Ní ọdún 1908, Henry Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Model T ní ìlú Detroit, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ pọ̀, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ní ọdún 1913, ó ṣètò ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ máa kọjá lọ níwájú àwọn òṣìṣẹ́, kí oníkálukú dúró sí ojú kan, kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Títo férémù ọkọ̀ jọ, tí ó ń gba wákàtí 12 tẹ́lẹ̀, wá ń gba nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀.

Ẹ rí ìṣòro tó dé? Irin ti yá, ṣùgbọ́n ọ̀dà kò yá. Ibo ni wọn yóò kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ sí títí ọ̀dà yóò fi gbẹ? Nítorí náà, láti ọdún 1914 títí di ọdún 1925, àwọ̀ dúdú nìkan ni ilé-iṣẹ́ Ford fi ń kun ọkọ̀ náà. Ọ̀dà dúdú náà kò wọ́n, ó lágbára, wọ́n sì lè fi iná mú un gbẹ kíákíá. Kí wọ́n tó dá Model T dúró ní ọdún 1927, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù 15.

Ní ìgbà náà, ẹni tó ń tún ọkọ̀ kùn kò ní ìdààmú púpọ̀. Dúdú ni ó ń wá, dúdú ni yóò sì rà.

Òwú di ọ̀dà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin òwú, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Òwú ni ó mú oríṣiríṣi àwọ̀ padà wá sára ọkọ̀.

Bí wọ́n bá fi ásíìdì líle ṣiṣẹ́ lára òwú, ó lè di ohun tó ń bú gbàmù. Wọ́n lò ó fún ẹ̀tù ìbọn nígbà ogun àgbáyé kìíní, tí ó parí ní ọdún 1918. Ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù náà. Lẹ́yìn ogun, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ rí i pé irú òwú bẹ́ẹ̀ lè yọ́ nínú tínà kí ó sì di ọ̀dà. Wọ́n pe ọ̀dà náà ní Duco. Ní ọdún 1923, ilé-iṣẹ́ General Motors fi kun àwọn ọkọ̀ tí orúkọ wọn ń jẹ́ Oakland. Àwọ̀ búlúù ni wọ́n lò.

Ọ̀dà yìí kò nílò ọ̀sẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ti tó kí ó gbẹ. Atẹ́gùn ni wọ́n sì fi ń fín in sára ọkọ̀, bí ẹ ṣe ń fín oògùn kòkòrò sí oko òwú. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi àwọ̀ ti pọ̀ lójú títì. Ní ọdún 1927, General Motors dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ìrísí àti àwọ̀ ọkọ̀, ó sì fi Harley Earl ṣe olórí rẹ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ni ìdààmú oníṣẹ́ ọ̀dà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé pupa kì í ṣe pupa kan ṣoṣo mọ́, búlúù kì í sì í ṣe búlúù kan ṣoṣo.

Ọ̀dà olówùú ní ìwà kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Tínà rẹ̀ ni ó kàn ń fò lọ tí ó fi ń gbẹ. Nítorí náà, bí tínà bá tún kàn án lẹ́yìn ọdún 20, yóò tún yọ́. Ọ̀dà tuntun lè wọnú ti àtijọ́ kí wọ́n sì di ọ̀kan. Èyí dára fún àtúnṣe. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa pa dídán rẹ̀ kíákíá.

Ọ̀dà tí wọ́n yan bíi búrẹ́dì

Ní àwọn ọdún 1930, àwọn onímọ̀ mú irú ọ̀dà mìíràn wá. Èyí kì í gbẹ nípa kí tínà fò lọ nìkan. Iná ni ó ń mú un le. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n tún ṣe èyí tó ń pẹ́ dán lábẹ́ oòrùn ju ti ìṣáájú lọ. Lónìí, bí ilé-iṣẹ́ bá fín irin ọkọ̀ tán, wọ́n á tì í wọ ilé gbígbóná. Omi a máa hó bí gbígbóná rẹ̀ bá dé ìwọ̀n 100. Ilé gbígbóná yẹn lè tó ìwọ̀n 140.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n ń yan irin náà, kò tíì ní táyà, kò ní àga, kò ní wáyà, kò sì ní epo nínú. Ọkọ̀ tó ti ń rìn ní gbogbo wọn. Bí ẹ bá gbé e sínú iná tó bẹ́ẹ̀, yóò bàjẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ Yúróòpù tó ní ilé gbígbóná fi ń lo nǹkan bí ìwọ̀n 60 péré. Ní ọ̀dọ̀ wa, oòrùn àti atẹ́gùn ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò. Nítorí náà, kò sí oníṣẹ́ tó lè tún ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe gẹ́lẹ́. Ohun tó lè ṣe ni kí ó ṣe é kí ojú má lè mọ ìyàtọ̀.

Ohun méjì mìíràn tún mú iṣẹ́ náà le sí i. Èkíní ni ọ̀dà tó ń kọ mànà. Wọ́n po ègé alumíníọ́mù kéékèèké mọ́ ọn, wọ́n sì dùbúlẹ̀ nínú ọ̀dà bí ìpẹ́ ẹja. Bí ẹ bá dúró níwájú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó ṣókùnkùn. Bí oníṣẹ́ bá fín in kí ó tutù púpọ̀, ìpẹ́ náà á rì, àwọ̀ á sì dúdú. Bí ó bá fín in kí ó gbẹ fúrúfúrú, àwọ̀ á mọ́lẹ̀ jù. Nítorí náà, oníṣẹ́ méjì lè mú àwọ̀ méjì jáde láti inú agolo kan ṣoṣo.

Èkejì ni ọ̀dà alápá méjì tó gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Wọ́n á kọ́kọ́ fín àwọ̀, wọ́n á wá fín fáníìṣì tó mọ́ gaara bíi gíláàsì lé e lórí. Fáníìṣì náà ni ó ń dán, òun náà ni ó ń gba ìyà oòrùn.

Bí ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

A ti sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀nà tiwa. Ní ọdún 1960, tí Dahomey gba òmìnira, ilé-iṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé gbé ọkọ̀ 404 jáde. Ní ọdún 1968, wọ́n gbé 504 jáde. Ẹ̀yin àgbà kò gbàgbé wọn. Wọ́n kó ènìyàn, wọ́n kó àgbàdo, wọ́n kó ewúrẹ́ lójú ọ̀nà oníyanrìn àti ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀.

Ní ọdún 1975, tí orílẹ̀-èdè wa gba orúkọ Benin, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna, ní Nàìjíríà. Ní ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé dá ọkọ̀ 504 onílé dúró ní ọdún 1983, Kaduna ṣì ń to tirẹ̀ jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ọkọ̀ méjì tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan lè ti ilé-iṣẹ́ méjì jáde. Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà mọ̀ pé nọ́ńbà àwọ̀ kan náà lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, àti láti ọdún kan sí òmíràn.

Láti àwọn ọdún 1990, ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù pọ̀ gan-an ní èbúté Kútọnu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjá lọ sí Nàìjíríà, kí ìjọba ibẹ̀ tó fi òfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba orí ilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Àwọn mìíràn dúró sọ́dọ̀ wa. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbé ayé kan níbòmíràn kí ó tó dé. Wọ́n lè ti kùn ún lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ó bá ti dé, oòrùn wa á gbà á. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa já ohun tó ń di àwọ̀ mú. Ọyẹ́ á fi eruku pa á lójú. Bí ẹ bá fi ọwọ́ nu orí ọkọ̀ àtijọ́ kan, tí lúbúlúbú sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ yín, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Òrùlé ọkọ̀ àti ìdérí ẹ́ńjìnnì ni ó ń ṣá jù, nítorí pé wọ́n kọjú sí ọ̀run. Ilẹ̀kùn kì í ṣá tó bẹ́ẹ̀. Pupa a máa tètè ṣá. Funfun olóròóró a máa pọ́n. Lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, ẹ lè rí àwọ̀ mẹ́ta tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Ohun tí nọ́ńbà ń sọ, àti ohun tí kò sọ

Níbi yìí ni ìwé kíkà yín ti wúlò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní irin pẹlẹbẹ kan tàbí bébà kan tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ẹ lè rí i lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ ti ń pa dé. Nọ́ńbà gígùn kan wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1981, ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Èyí ni ìdánimọ̀ ọkọ̀, kì í ṣe nọ́ńbà àwọ̀. Nọ́ńbà àwọ̀ kúrú. Lára ọkọ̀ Toyota, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ C/TR sí. Èyí tó bá C lọ ni àwọ̀ ara ọkọ̀. Èyí tó bá TR lọ ni ti inú ọkọ̀. Bí ẹ bá rí 040, funfun ni. Bí ẹ bá rí 202, dúdú ni.

Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé yín kí ẹ tó lọ ra ọ̀dà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ lásán tà á fún yín. "Búlúù" kì í ṣe orúkọ tó tó. Búlúù pọ̀ ju ewé igi lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dá ẹjọ́ tí a gbé kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ wàyí. Nọ́ńbà ń sọ àwọ̀ tí ọkọ̀ ní ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Kò sọ àwọ̀ tí ó ní lónìí. Oníṣẹ́ yẹn kò purọ́: ọ̀dà náà gan-an ni ó rà. Olówó ọkọ̀ náà kò purọ́: àwọ̀ méjèèjì kò bára mu. Ẹ̀bi oníṣẹ́ ni pé ó dúró síbi tí nọ́ńbà dúró sí. Nọ́ńbà ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ojú ni ó ń parí rẹ̀.

Bí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é

Ní ọdún 1905, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Amẹ́ríkà, Albert Munsell, tẹ ìwé kan jáde nípa bí a ṣe lè fi nọ́ńbà sọ àwọ̀. Ó kọ́ wa pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nípa àwọ̀. Èkíní: àwọ̀ wo ni? Ṣé pupa ni, àbí búlúù? Èkejì: báwo ni ó ṣe mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn tó? Ẹ̀kẹta: ṣé ó le koko ni, àbí ó ti rọ̀ bí ohun tí eérú dà sí? Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ a máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta yìí. Lónìí, ẹ̀rọ wà ní àwọn ìlú ńlá tó lè wo àwọ̀ kí ó sì sọ bí wọn yóò ṣe pò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ, ẹ wò bóyá oníṣẹ́ náà yóò ṣe nǹkan wọ̀nyí.

1. Yóò fọ ọkọ̀, yóò sì fi oògùn dídán pa ẹ̀gbẹ́ ibi tó fẹ́ kùn. Eruku àti ọ̀dà tó ti kú lè fi àwọ̀ tòótọ́ pamọ́.

2. Yóò yẹ ibi tí oòrùn kò dé wò, bí abẹ́ ìdérí ẹnu tánkì epo tàbí inú ilẹ̀kùn. Níbẹ̀ ni yóò ti rí bí àwọ̀ náà ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ìta ni yóò wá.

3. Yóò fi tínà díẹ̀ sí àkísà funfun, yóò sì fi nu ibi kan tó fara pamọ́. Bí àwọ̀ bá lẹ̀ mọ́ àkísà, ọ̀dà tó ń yọ́ ni, irú ti òwú. Bí kò bá lẹ̀, ọ̀dà tí iná tàbí oògùn mú le ni. Bí ó bá fi ọ̀dà tí tínà rẹ̀ le kun orí ọ̀dà tí kò lè gbà á, ojú ọ̀dà yóò hun jọ bí awọ ara arúgbó.

4. Yóò fín díẹ̀ sára ègé irin tàbí páálí, yóò sì dúró kí ó gbẹ. Ọ̀dà tútù àti ọ̀dà gbígbẹ kì í ṣe àwọ̀ kan náà.

5. Yóò gbé ègé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ní ìta gbangba. Yóò wò ó láti iwájú, yóò wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Kò ní fi iná alẹ́ wò ó. Ọ̀dà méjì lè bára mu lábẹ́ iná kí wọ́n sì yàtọ̀ nínú oòrùn.

6. Bí kò bá tíì bá a mu, yóò fi ẹ̀kán àwọ̀ mìíràn kún un, díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

7. Kò ní gé ọ̀dà náà dúró bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Yóò jẹ́ kí àwọ̀ tuntun máa fúyẹ́ lọ sí ara irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí yóò fi rá sínú ti àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà alápá méjì, yóò wá fín fáníìṣì bo gbogbo irin náà. Ojú ènìyàn a máa tètè rí ìyàtọ̀ níbi tí ààlà bá wà. Bí kò bá sí ààlà, ojú kì í mọ̀.

Iṣẹ́ yìí gba àkókò. Ẹ má fi ìkánjú lé oníṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ní kí ó fi ègé páálí náà hàn yín lójú oòrùn kí ó tó kun ọkọ̀. Ó rọrùn láti ṣe àtúnṣe ife ọ̀dà kan ju kí ẹ ṣe àtúnṣe ilẹ̀kùn lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù

Ohun tó ń dààmú oníṣẹ́ lè ran olùrà lọ́wọ́. Ẹ lọ wo ọkọ̀ ní òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn kò tíì le. Ẹ má wò ó ní alẹ́, ẹ má sì wò ó nígbà tí òjò bá ti rin ín, nítorí omi a máa bo àléébù. Ẹ dúró ní ìgun rẹ̀, kí ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ gbọọrọ. Ṣé ilẹ̀kùn kan dúdú ju èkejì lọ? Ṣé ọ̀dà ta sára rọ́bà fèrèsé? Ṣé inú ilẹ̀kùn jẹ́ àwọ̀ kan, tí ìta sì jẹ́ òmíràn? Ẹ wo nọ́ńbà àwọ̀. Bí nọ́ńbà bá sọ pé funfun, tí ọkọ̀ sì jẹ́ pupa, ẹ béèrè ìdí.

Ẹ tún mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan dání, irú èyí tó ń wà lẹ́yìn gbohùngbohùn rédíò tó ti bàjẹ́. Ẹ gbé e sára irin ọkọ̀. Bí ó bá lẹ̀ dáadáa níbi kan, tí kò sì lẹ̀ níbòmíràn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi mástíìkì tó nípọn dí ojú ọgbẹ́ ibẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n tún kùn lè jẹ́ ọkọ̀ rere. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, iye rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ dáàbò bo èémí yín

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́ ọ̀dà, ẹ kìlọ̀ fún un. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, pàápàá pupa àti àwọ̀ ìyeyè. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Omi ni kí wọ́n fi máa ha ọ̀dà àtijọ́, kí eruku má baà fò. Kí ọmọ kékeré má ṣeré níbẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n ń po oògùn líle mọ́ kí ó tó fín léwu jù. Èéfín rẹ̀ lè di èémí ènìyàn lọ́nà tí kò ní lọ mọ́. Aṣọ tí a fi di imú kò tó. Ó gba ìbòjú tó ní asẹ́ oògùn nínú, ibi tí atẹ́gùn sì ti ń fẹ́ gbára.

Ìbéèrè fún ìjókòó yín

Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀nyí ní ìjókòó yín. Kí ló dé tí ọkọ̀ Ford fi jẹ́ dúdú láti ọdún 1914 sí ọdún 1925? Kí ni òwú ṣe fún ọ̀dà ọkọ̀? Kí ni nọ́ńbà àwọ̀ ń sọ, kí sì ni kò sọ? Lẹ́yìn náà, bí ọkọ̀ kan bá dúró ní abúlé yín, ẹ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ awakọ̀, ẹ wá irin pẹlẹbẹ náà, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí nọ́ńbà àwọ̀ kà á sókè fún àwọn yòókù. Ẹ ka ìwé yìí fún ẹni tí kò tíì mọ ìwé.